Afárá Tí Ràhmọ̀t Gbà Bọ̀

                                                            Lẹ́yìn Ọjà Ndogbong,
                                                            Douala,
                                                            Kamẹrúùnù.
                                                            Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Kẹwàá, 2025.

Nàfíù, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré,

Àsàlámù àlékúmù. Báwo ni ara? Orúnkún rẹ ńkọ́? Ṣé o ti ń lè kúnlẹ̀ kírun, àbí orí àga lo ṣì ti ń kí i? Àsàmáù ìyàwó wa ńkọ́? Àwọn ọmọ ọmọ ńkọ́? Mo gbọ́ pé iṣu pọ̀ ní Ṣakí lọ́dún yìí. Jọ̀wọ́, má jẹ ẹ́ lálẹ́, o mọ ohun tí dókítà sọ. Kàdíját ìyàwó mi ní kí n yé dààmú nítorí ikùn ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n mi ò lè ṣe kí n má sọ ọ́.

Àlàáfíà ni Kàdíját wà. Èmi náà wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òtútù mú mi lóṣù tó kọjá. Mo mọ̀ pé Zayd, ọkọ Ràhmọ̀t ọmọ mi, ti fi fọ́tò ránṣẹ́ sí ọ lórí fóònù, inú rẹ sì ti dùn. Àmọ́ fọ́tò kò lè ròyìn ohun tí ojú wa rí. Jẹ́ kí n sọ ọ́ fún ọ.

O mọ̀ pé oyún méjì ló ti bàjẹ́ mọ́ Ràhmọ̀t lára. Nígbà tí ẹ̀kẹta dúró, agbẹ̀bí kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ gun ọ̀kadà, kò gbọdọ̀ gba ọ̀nà tó kún fún kòtò. Apá Japoma ni òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé. Ilé ìwòsàn tó mọ̀ nípa irú oyún bẹ́ẹ̀, ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín ló wà. Odò kékeré kan ló wà láàárín, afárá kan ṣoṣo ló sì wà lórí rẹ̀. Nínú oṣù Kẹjọ, òjò rọ̀ bí ẹni pé sánmà ya. Àgbàrá gbé ọ̀kan nínú ẹsẹ̀ afárá lọ, apá kan títì orí rẹ̀ sì wó sínú omi. Ọlọ́run yọ wá, kò sẹ́ni tó bá a lọ. Àwọn ọ̀dọ́ fi pákó so ibẹ̀, àwọn tó bá lágbára sì ń rọra gbà á kọjá. Ràhmọ̀t kò lè gun irú pákó bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà kejì tó yí ká ńkọ́? Kòtò ni látòkè délẹ̀.

Nàfíù, oorun dá lójú mi. Lọ́jọ́ kejì, igbákejì olórí ìjọba ìbílẹ̀ wá wo ibẹ̀, obìnrin kan ni, Madame ni gbogbo wa ń pè é. Ó ní kí òjò ọdún yìí tó dá, afárá yóò ti ṣeé gbà. Ọkùnrin kan tó dúró tì mí bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọdún yìí kẹ̀? Ó ṣì sọ ni." Ṣùgbọ́n kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ọkọ̀ ti ń da òkúta, irin ti dé, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Alphonse, olórí àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún, sì ti bẹ̀rẹ̀.

Dípò kí ọkàn mi balẹ̀, àníyàn mìíràn ló tún gbà á. Ta ló mọ̀ bóyá iṣẹ́ gbàrọgùdù ni wọn yóò ṣe? Láràárọ̀, mo máa ń wọ bùbá àti ṣòkòtò mi, mo máa ń dé fìlà, mo máa ń mú agbòjò, ó di ọ̀dọ̀ wọn. O mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa: a kì í kọjá lára ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láìkí i. Lọ́kọ̀ọ̀kan ni mo ń kí wọn, látorí ẹni tó ń po kọnkéré dórí Alphonse fúnra rẹ̀. Bí mo bá kí wọn tán, mo máa ń béèrè ọ̀rọ̀. Ṣé irin yìí kò tín-ín-rín jù? Kí ló dé tí iyanrìn yìí fi dúdú? Ẹsẹ̀ apá òsì yẹn, ṣé kò wọ́? Wọn kò kanra mọ́ mi rí. Bí mo bá ní ó wọ́, wọn á tún un wọ̀n. Mo sọ fún Kàdíját pé àwọn ọmọ náà lẹ́kọ̀ọ́ gan-an ni. Ó ní, "Bàbá Ràhmọ̀t, ṣé ẹ̀yin lẹ da omi sódò ni, tẹ́ ò lè jókòó sílé?"

Òtútù tí mo wí wá mú mi, mi ò lè jáde. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Alphonse ni, ó ṣí àkẹtẹ̀ mọ́wọ́. Ó fi Faransé bi Kàdíját pé, "Mama, Monsieur le contrôleur ńkọ́? A fẹ́ da kọnkéré sí ẹsẹ̀ tó kù, a ò fẹ́ kó wá sọ pé ká wó o."

Kàdíját ní, "Contrôleur wo? Ọkọ mi yìí, tó ń ta bàtà tẹ́lẹ̀?" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Àṣé gbogbo wọn ló rò pé ìjọba ìbílẹ̀ ló rán mi wá ṣọ́ wọn! Ta ni yóò múra bẹ́ẹ̀ láàárọ̀, tí yóò kí gbogbo èèyàn, tí yóò máa béèrè nípa irin, tí kò sì ní nǹkan kan tó fẹ́ tà? Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀ lórí ibùsùn. Bí mo bá sọ òótọ́, wọ́n lè dẹwọ́ iṣẹ́. Bí mo bá dákẹ́, irọ́ ni mo pa. Mo da aṣọ bora, mo jáde, mo ní, "Ọmọ mi, wọn ò rán mi o."

Ó ní, "Ta wá lẹ ń bá ṣiṣẹ́, Papa?"

Mo ní ọmọ mi ni; òdìkejì odò ló wà, oyún rẹ̀ ti tó bí, kò sì lè gun pákó. Alphonse wò mí. Ó dé àkẹtẹ̀ rẹ̀ padà, ó ní, "Bí ara bá ti yá, ẹ máa bọ̀ láàárọ̀ bí ẹ ṣe ń bọ̀. Ẹ̀yin náà ṣì ni contrôleur wa."

Òjò kò tí ì dá tí wọ́n fi ṣí afárá náà. Madame wá, bàtà òjò ló wọ̀, kò sí àga, kò sí ọ̀rọ̀ gígùn. Ó kàn béèrè pé, "Contrôleur wa dà?" Alphonse ti ròyìn mi fún un. Mo fẹ́ fi agbòjò bojú, àwọn òṣìṣẹ́ tì mí síwájú. Ó ní, "Papa, ṣé ká kọjá?" O mọ òwe wa nípa àmúkùrù, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la fi ń pa á bó bá bà síbi ẹlẹgẹ́. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ iyanrìn kọ́kọ́ kọjá ná."

Ẹ̀rín sọ. Ọlọ́kadà kan pariwo pé, "Papa, bí iyanrìn bá kọjá tán, ṣé ẹ ó tún ní ká wá erin?" Madame kò rẹ́rìn-ín. Ó juwọ́ sí awakọ̀, ọkọ̀ náà sì lọ tẹrùtẹrù, ó tún bọ̀. Ohunkóhun kò mì. Nígbà náà ni mo ṣí fìlà.

Ọkọ̀ Zayd ló tẹ̀ lé e. Ràhmọ̀t wà lẹ́yìn láàárín ìrọ̀rí, ó ń juwọ́ bí ìyàwó tuntun. Mo rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ náà títí ó fi kọjá, mo na agbòjò mi síwájú, bí ẹni pé agbòjò lè gbé afárá dúró. Ọ̀dọ̀ wa ló sùn títí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ rẹ̀ fi pé. Alihamdulilahi, ó bí obìnrin, tọwọ́ tẹsẹ̀, láìsí wàhálà kankan. Àmírát ni a sọ ọ́. Alphonse àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ wá síbi ìsọmọlórúkọ, wọ́n jẹ ìrẹsì débi pé Kàdíját tún ìkòkò gbé kaná.

Bá mi kí Àsàmáù àti gbogbo ilé. Kí àwọn ará mọ́sálásí wa pẹ̀lú. Jọ̀wọ́, tọ́jú orúnkún yẹn.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Lánàá ni Ràhmọ̀t àti ọkọ rẹ̀ padà sílé wọn. Mo ní èmi ni n óò gbé ọmọ lẹ́yìn ọkọ̀, kí n lè tún fi ojú ara mi wo afárá náà dáadáa, nítorí òjò rọ̀ mọ́jú. Bí a ṣe kúrò nílé, Àmírát lajú, ó yán, ó di ìka mi mú. Nàfíù, a ti dé ẹnu ọ̀nà ilé wọn kí n tó mọ̀ pé a ti kọjá.

Ẹni tó ń rò ọ́ nígbà gbogbo,
Mùhúdíìnì.