Sípíríǹgì Inú Ẹ́ńjìnnì Kì í Ṣe Sípíríǹgì Abẹ́ Ọkọ̀

Ojúlé Kẹtàdínlógún,
Òpópónà Baálẹ̀,
Ajégúnlẹ̀, Àpápá.
Ọjọ́ Kọkànlá, Oṣù Kẹjọ, 1976.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Ìwé Ìwọlé Ọkọ̀ Akẹ́rù,
Òpópónà Liverpool,
Àpápá.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ PÉ KÍ Ẹ DÁ ÌWÉ ÌWỌLÉ ỌKỌ̀ LA 3186 K PADÀ, NÍTORÍ PÉ WỌ́N ṢI Ọ̀RỌ̀ MI GBỌ́ LẸ́NU Ọ̀NÀ ÈBÚTÉ

Èmi ni Àdùfẹ́ Kọ̀yà, ẹni tó ni ọkọ̀ akẹ́rù tí nọ́ńbà rẹ̀ wà lókè yìí. Mi ò mọ̀wé. Morádéún, ọmọ mi obìnrin, ni ó ń kọ ohun tí mò ń sọ sílẹ̀, mo sì ti kìlọ̀ fún un pé kí ó má bá mi fi oyin sí i. Tonbra, ọkọ rẹ̀, ni awakọ̀ wa. Sìmẹ́ńtì ni a ń kó láti èbúté. Ohun tí ọkọ̀ náà bá mú wálé ni èmi, àwọn méjèèjì àti àwọn ọmọ wọn ń jẹ.

Ní oṣù tó kọjá, Ọ̀gbẹ́ni Edwin tó ń bá yín yẹ ọkọ̀ wò lẹ́nu ọ̀nà gba ìwé ìwọlé wa. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé a ti fi irin kún abẹ́ ọkọ̀ náà kí ó lè kó ẹrù kọjá ìwọ̀n. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo fi ẹnu ara mi sọ ni ó dá a sílẹ̀, nítorí náà èmi ni ó yẹ kí n tú u palẹ̀.

Nígbà tí òjò ọdún yìí bẹ̀rẹ̀, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà kú mọ́ wa lórí afárá Ìjọra pẹ̀lú ẹrù. Ọkọ̀ ń yí padà sẹ́yìn, àwọn èèyàn ń sáré wá òkúta tí wọn yóò fi dí táyà. Linus, mẹkáníìkì wa ní Ajégúnlẹ̀, tú ẹ́ńjìnnì náà, ó sì fi kámù hàn mí. Kámù ni irin gígùn tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì, tó ní kókó lára. Àwọn kókó yìí ló ń ṣí fáàfù, ilẹ̀kùn kéékèèké tí afẹ́fẹ́ ń gbà, kí ẹ́ńjìnnì lè mí. Tiwa ti jẹ tán, bí ọṣẹ tó kù bíńtín.

Linus wá irú rẹ̀ káàkiri Òpópónà Liverpool, kò rí. Èyí tó rí ní kókó tó ga ju ti àtijọ́ lọ, irú èyí tí àwọn tó fẹ́ kí ọkọ̀ wọn lágbára máa ń lò. Ó ní yóò ṣí fáàfù dáadáa, ẹ́ńjìnnì yóò mí kanlẹ̀, kò sì ní kú lórí afárá mọ́. Mo ní kí ó fi sí i. Ó ní, "Màmá, kámù yìí kì í dá wọlé o. Ó ní àwọn tó gbọ́dọ̀ bá a wọlé." Mo bi í pé ṣé ìyàwó ni. Ó ní kò jìnnà sí i.

Ẹ jẹ́ kí n sọ àwọn tó bá a wọlé, nítorí ibẹ̀ ni ẹjọ́ yìí wà. Sípíríǹgì kékeré kan wà lórí fáàfù kọ̀ọ̀kan tó ń pa á dé lẹ́yìn tí kámù bá ti ṣí i. Bí kámù bá ga, tí sípíríǹgì sì rọ̀, fáàfù kò ní tètè padé. Ó dà bí ẹni tó ṣílẹ̀kùn fún àlejò kan, tí òmíràn ti wọlé kí ó tó tì í. Tonbra ń kánjú, ó ní kí a ṣì máa lo sípíríǹgì àtijọ́. A lò ó. Bí ọkọ̀ bá ń rìn jẹ́ẹ́, kò sí wàhálà. Bí Tonbra bá tẹná mọ́ ọn, ẹ́ńjìnnì á máa húkọ́, á sì máa yìnbọn.

Nígbà náà ni Tonbra tún ní kí a lọ ra sípíríǹgì tó le jù lórí àtẹ. Linus kọ̀. Ó ní èyí tó bá le ju bó ti yẹ lọ yóò máa tẹ̀ mọ́ kámù tuntun títí yóò fi jẹ kókó rẹ̀ dànù, a ó sì padà sórí afárá lọ wá òkúta. Èyí tó wà láàárín, tó bá gíga kámù náà mu, ni a rà. Fìlà irin tó ń di sípíríǹgì mú, a pààrọ̀ rẹ̀, nítorí ti àtijọ́ kò wọ tuntun. Ó ku tápẹ́ẹ̀tì, irin kékeré tó ń jókòó lórí kókó kámù. Mo fẹ́ kí a dá ti àtijọ́ padà síbẹ̀ nítorí wọ́n ṣì ń dán. Linus ní bàtà tó ti mọ ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ni wọ́n, wọn yóò ha kámù tuntun. Mo gbà. Àwọn ọ̀pá tó wà láàárín tápẹ́ẹ̀tì àti fáàfù, ó yí wọn lórí gíláàsì lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá ti ń jó lórí gíláàsì ti tẹ̀, a sọ ọ́ nù.

Láti ìgbà náà ọkọ̀ wa ń gun afárá láìwẹ̀yìn. Kìkì pé bí ó bá dúró sójú kan, ara rẹ̀ máa ń gbọ̀n, ó sì máa ń kùn. Linus ní ohùn irú kámù bẹ́ẹ̀ nìyẹn.

Ohùn yìí ni Ọ̀gbẹ́ni Edwin gbọ́ tó fi dá wa dúró. Mo wà nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà, nítorí ẹ ní kí ẹni tó ni ọkọ̀ máa wá fúnra rẹ̀ tí ìwé bá fẹ́ parí. Ó ní, "Màmá, kí lẹ ṣe sí ọkọ̀ yìí tó ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe?" Mo ní, "A fi sípíríǹgì tó le sí i ni, kí ó lè gba ohun tí a gbé lé e." Kámù ni mo ní lọ́kàn. Sìmẹ́ńtì ni òun ń wò. Tonbra tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé tó ń tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Edwin rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ ṣeun, Màmá. Ẹ ti bá mi parí iṣẹ́."

Mo padà lọ bá a lọ́jọ́ kejì láti là á yé e. Ó ní sípíríǹgì ni sípíríǹgì. Ẹ̀yin Ọ̀gá, bẹ́ẹ̀dì tí òun náà ń sùn lé ní sípíríǹgì, kò sì sí ẹni tó fẹ̀sùn àkójù ẹrù kàn án. Morádéún ní kí n yọ gbólóhùn yìí kúrò. Mo ní kí ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Mi ò sọ pé ọkùnrin náà parọ́. Ohun tó gbọ́ ló kọ. Ṣùgbọ́n kò bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀, kò gbé e sórí ìwọ̀n, kò sì ṣí ojú ẹ́ńjìnnì. Sípíríǹgì abẹ́ ọkọ̀, tó ń gbé ẹrù, gùn tó kí n nà lé e. Àwọn tó bá ọkọ̀ náà wá ló ṣì wà níbẹ̀, wọ́n ti dípẹtà, ẹnikẹ́ni kò tú wọn rí lọ́wọ́ mi. Iye àpò tí a ń kó tẹ́lẹ̀ náà ni a ń kó. Ọkọ̀ kàn ń gbé e délé báyìí ni.

Ẹni tó ń pín ẹrù fún wa ti sọ pé bí ìwé kò bá sí lọ́wọ́ wa nígbà tí oṣù yìí bá parí, òun yóò fi ọkọ̀ mìíràn sí àyè wa. Tonbra ti ń sọ pé kí a tà á. Bí a bá tà á, a kò ní rí òmíràn rà.

Mi ò bẹ̀ yín kí ẹ ṣàánú arúgbó. Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ẹ rán ẹni tó mọ ẹ́ńjìnnì wá sí ọgbà Linus, kí ó wo òkè, kí ó wo ìsàlẹ̀. Bí ó bá rí irin tuntun kan ṣoṣo lábẹ́ ọkọ̀ náà, kí ẹ gbẹ́sẹ̀ lé ìwé wa títí láé. Bí kò bá rí i, kí ẹ dá a padà fún wa, kí ẹ sì pa ohun tí wọ́n kọ sí wa lọ́rùn rẹ́.

Sípíríǹgì tí mo wí kò ga ju àtàǹpàkò mi lọ. Mo ti tẹ àtàǹpàkò náà sísàlẹ̀ ìwé yìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi han Ọ̀gbẹ́ni Edwin, kí ó sọ fún yín iye àpò sìmẹ́ńtì tó lè jókòó lé e.

Ẹ ṣeun tí ẹ gbọ́ mi dópin.

Èmi ni tiyín, tí ń retí ẹni tí ẹ ó rán,

(Àmì àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún)

Àdùfẹ́ Kọ̀yà,
Ẹni tó ni ọkọ̀ LA 3186 K.