Ọjọ́ Tí Màmá Sọ̀ Kúrò Nínú Ọkọ̀ Mi

Sí Àbíkẹ́yìn, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí àwọn ọmọ. Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Ikọ́ tó ń yọ èyí àbúrò lẹ́nu ńkọ́, ṣé ó ti fi í sílẹ̀? Ìròyìn ayọ̀ yín ni mo fẹ́ máa gbọ́. Ní tiwa níbí, a dúpẹ́. Màmá ń jẹun, wọ́n ń sùn, wọ́n sì ń bú mi bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Ara èmi náà le, àmọ́ nǹkan kan ti ń jẹ mí nínú láti ọjọ́ yìí, bí n kò bá sì sọ ọ́ fún ẹnìkan, màá bẹ́.

Àbúrò mi, wọ́n fẹ́ gba ìyá wa lọ́wọ́ mi.

Má tíì figbe ta o. Wọ́n wà ní yàrá kejì bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, wọ́n ń hanrun. Ṣé o mọ̀ pé èmi ni mo ń wa bọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn tó ń kó àwọn tí kíndìnrín wọn ò ṣiṣẹ́ mọ́ lọ síbi ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀. Láti ìgbà tí àìsàn yìí ti mú Màmá, ọkọ̀ mi ni wọ́n ń wọ̀, iwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ni wọ́n sì ń jókòó. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi ìdí kan ìjókòó yẹn. Mo máa ń nù ún kí n tó lọ gbé wọn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń sọ fún mi pé kí n fá irùngbọ̀n, pé ọbẹ̀ ìyàwó mi ò níyọ̀, bẹ́ẹ̀ wọ́n mọ̀ pé dókítà ló ní kó má fi sí i.

Láìpẹ́ yìí ni wọ́n gba awakọ̀ tuntun fún bọ́ọ̀sì kejì. Obìnrin ni, mo sì dàgbà jù ú lọ dáadáa. Sisí Jẹ́jẹ́ ni àwọn aláìsàn ń pè é. Kí ló ṣe tó fi gba orúkọ? Ó ń bẹ aráyé ni! Bí ẹnìkan bá já wọ iwájú rẹ̀, á rọra tẹ bíréèkì, á gbé ọwọ́ lé àyà, á tẹrí ba, á ní, "Ẹ máà bínú." Ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́ ló ń bẹ̀ o! Bí wọ́n bá ń fọn fèrè lẹ́yìn rẹ̀, á yà sí ẹ̀gbẹ́ kí onítọ̀hún kọjá. Bí wọ́n bá bú u, kò ní wo ojú wọn. Nígbà tó yá, àwọn tó ń gbé náà kọ́ ọ. Àgbàlagbà lọ́kùnrin lóbìnrin, gbogbo wọn á gbọ́wọ́ lé àyà nínú ọkọ̀ bí ọmọ ilé ìwé. Mo fi wọ́n rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi ń dùn mí. O mọ̀ mí, èmi kì í bẹ wèrè. Ẹni tó bá já wọ iwájú tèmi, màá fọn fèrè sí i létí títí, màá sì bi í pé ta ló ta ìwé ìwakọ̀ fún un.

Ó wá di òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo gbé ọkọ̀ dé ẹnu ọ̀nà ilé wa, mo nu ìjókòó, mo ń retí Màmá. Àfi bí Sisí Jẹ́jẹ́ ṣe wá dúró sẹ́yìn mi. Màmá jáde, wọ́n kí mi, wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, ó di inú ọkọ̀ ẹlẹ́yìn. Iwájú ni wọ́n jókòó sí! Mo sáré lọ bá wọn. Wọ́n ní àwọn ti sọ fún ilé ìwòsàn pé kí wọ́n pààrọ̀ ọkọ̀ fún àwọn. Mo ní kí ló dé? Wọ́n ní, "Kò sí nǹkankan, mo kàn fẹ́ sinmi ni." Àbíkẹ́yìn, ìyá tó bí mi fẹ́ sinmi lọ́wọ́ mi!

Mo jowú, n ò ní purọ́ fún ọ. Bí iná ojú pópó bá dá wa dúró, inú dígí ni mo ti máa ń wò wọ́n lẹ́yìn mi, tí Màmá ń rẹ́rìn-ín tí wọ́n ń gbá Sisí léjìká. Ìgbà wo ni wọ́n gbá mi léjìká rí? Ọmọbìnrin náà tún rán tìmùtìmù kékeré kan fún wọn, wọ́n ń fi í ti ẹ̀yìn. Bí a bá délé, Sisí ní báyìí, Sisí ní bẹ́ẹ̀. Mo ń sọ nínú ara mi pé, ṣé Sisí ló mu ọmú yín ni?

Ni mo bá lọ ká a mọ́ ọgbà ilé ìwòsàn níbi tó ti ń fọ ọkọ̀. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó lọ wá ìyá tiẹ̀. Ó fi kànìnkànìn sílẹ̀, ó gbé ọwọ́ tó kún fọ́ṣẹ lé àyà, ó ní, "Ẹ máà bínú, bọ̀dá." Ìyẹn gan-an ló tún wá bí mi nínú jù. Nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ Màmá gbọ́ ohùn mi, ó sì fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Bí ìyá yín bá ti wọ ọkọ̀ yín wá, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn á ti lọ sókè. A ní láti jẹ́ kí wọ́n jókòó títí kó tó wálẹ̀. Kó tó wálẹ̀, ẹlòmíì ti ń dúró de ẹ̀rọ, àkókò tiwọn á sì dín kù, omi á wá ṣẹ́ kù sára wọn. Ṣé ẹ ò rí ẹsẹ̀ wọn tó ń wú ni?" Mo rí i, àbúrò mi. Bàtà tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ni mo lọ rà fún wọn.

Ojú tì mí, àmọ́ owú yẹn ò lọ. Mo ní kò burú, màá fi hàn wọ́n pé èmi náà lè gbé ìyá mi débẹ̀ ní pẹ̀lẹ́ kùtù. Ọlọ́run sì gbọ́ tèmi, ọkọ̀ Sisí kọ̀, kò ṣíná, wọ́n ní kí n kó àwọn èrò rẹ̀ mọ́ tèmi. Mo ṣe bí ẹni káàánú, àmọ́ mo ń jó nínú. Màmá padà síwájú pẹ̀lú tìmùtìmù wọn. Mo wakọ̀ bí ẹni gbé ẹyin.

Bí a ṣe dé oríta tó wà lẹ́bàá ilé epo, ọkọ̀ pupa kékeré kan já wọ iwájú mi, díẹ̀ ló kù kí n kọ lù ú. Ọwọ́ mi ti dé orí fèrè, mo gbá a mú. Mo ní èmi náà á ṣe ti Sisí, màá tiẹ̀ ṣe é jù ú lọ. Àmọ́ ọwọ́ mi ò ṣe irú ẹ̀ rí, kò mọ̀nà àyà. Kàkà kó wálé, iwájú ló nà sí gbọọrọ, ìka márààrún yà sílẹ̀, ojú mi sì ti le koko. Ọ̀gbẹ́ni yẹn rí mi nínú dígí rẹ̀. Ó gbà pé mo na ìka márùn-ún sí òun ni, ta ló máa bá a wí? Ó dá ọkọ̀ dúró gbàgà, ó fa irin kan yọ lábẹ́ ìjókòó, ó sì ń bọ̀.

Àbíkẹ́yìn, èébú ti tò sí mi lẹ́nu. Mo ti di ilẹ̀kùn mú, mo fẹ́ sọ̀. Ni mo bá wo Màmá. Wọn ò wo ọkùnrin náà rárá, èmi ni wọ́n tẹjú mọ́. Iṣan ọrùn wọn ń lù kìkì, wọ́n di báàgì wọn mọ́ra. Ẹsẹ̀ wọn yẹn ló wá sí mi lọ́kàn. Mo ti ilẹ̀kùn pa, mo sọ gíláàsì kalẹ̀ díẹ̀, n ò wo ojú ọkùnrin náà, bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ ni mò ń wò. Mo ní, "Ọ̀gá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máà bínú. Ẹ̀bi mi ni. Ìyá mi ni mò ń gbé lọ sílé ìwòsàn." Ó ń pariwo, ó fi irin gbá ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Mo tún ní ẹ máà bínú. Lójijì, ó gbé ojú kúrò lára mi. Ẹ̀yìn mi ló ń wò. Mo yíjú, kí ni mo rí? Gbogbo àwọn aláìsàn ló ti gbọ́wọ́ lé àyà tí wọ́n tẹrí ba, títí kan bàbá aránṣọ kan tí etí rẹ̀ ò gbọ́rọ̀ dáadáa. Màmá náà gbọ́wọ́ lé àyà. Ọkùnrin náà wò wọ́n lọ, ó wò wọ́n bọ̀. Irin ọwọ́ rẹ̀ wálẹ̀. Ó ní, "Ẹ máa lọ, ẹ jọ̀ọ́. Ọlọ́run á wò yín sàn." Òun fúnra rẹ̀ ló yà fún wa.

O rò pé inú mi dùn? Nínú ọkọ̀ tèmi, níṣojú ìyá mi, àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ Sisí ló gbà mí sílẹ̀!

Nígbà tí a débẹ̀, ìfúnpá Màmá ga díẹ̀, àmọ́ kò pẹ́ tó fi wálẹ̀, wọ́n sì lo àkókò wọn pé lórí ẹ̀rọ. Mo jókòó tì wọ́n. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ràn Sisí jù mí lọ ni. Wọ́n pòṣé. Wọ́n ní, "Ọ̀dẹ̀ ni ọmọ yìí. Nínú ọkọ̀ Sisí, mo lè dijú kí n sùn. Nínú tìẹ, ṣe ni mò ń ṣọ́ ọ. Bí o bá ti fọn fèrè, ọwọ́ ẹni tó ń sọ̀ bọ̀ ni mo máa ń wò, bóyá ó mú nǹkan dání. Bí wọ́n bá pa ọmọ mi lójú mi, ẹ̀rọ wo ni wọ́n máa fi fọ ẹ̀jẹ̀ mi?"

Mo kàn di ẹsẹ̀ wọn mú, èyí tó wú jù.

Wọ́n ti padà sínú ọkọ̀ mi báyìí, àmọ́ wọ́n ní bí mo bá fi ìbínú fọn fèrè lẹ́ẹ̀kan péré, àwọn ti mọ ọ̀nà ọkọ̀ Sisí. Ìwọ náà, ọkọ rẹ ti sọ fún mi bí o ṣe fi ọkọ̀ lé ẹnìkan dé ibi iṣẹ́ rẹ̀ nítorí pé ó fọn fèrè fún ọ. Jọ̀ọ́, fi í sílẹ̀. Jẹ́ kó kọjá, má wo ojú rẹ̀, má sì sọ̀. Ìyá kan náà ló ń retí àwa méjèèjì nílé.

Ọlọ́run á máa ṣọ́ àlọ yín, á ṣọ́ àbọ̀ yín. Ẹ ò ní pàdé aburú lójú ọ̀nà, ojú kò sì ní pọ́n yín nílé. Màmá á fi ọwọ́ ara wọn gbé ọmọ àwọn ọmọ rẹ.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ ọkùnrin, ọmọ ìyá rẹ.

Àfikún: Tìmùtìmù yẹn ṣì wà ní ìjókòó iwájú. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n ra òmíràn, wọ́n kọ̀. Lánàá tí wọ́n wà lórí ẹ̀rọ, mo fi í ti ẹ̀yìn wò. Nǹkan náà rọ̀ o, mo sùn lọ. Má sọ fún wọn.