Àáró Tí Wọn Kò San Padà

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Ẹ kú ilé, Màmá, ẹ kú àbójútó gbogbo wa. Mo kí Táyé, mo kí Kẹ́hìndé, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi tí ẹ fi ẹ̀yìn Màmá sílẹ̀ fún mi. Mo kí gbogbo ará Kèrè ní Ìdáàṣà. Bí ẹ bá rí lẹ́tà yìí nínú ìwé ìròyìn, ẹ má bínú: mo fẹ́ kí àwọn ọmọ wa tó ń múra àtiwá síbí náà kà á. Ara mi le. Inú ló ń bí mi.

Ẹ máa ń bi mí lórí fóònù pé kí ni mò ń ṣe gan-an ní Kánádà. Ẹ̀kọ́ oyè ọ̀mọ̀wé ni mò ń kọ́ nínú sitatisitíìkì, ìyẹn bí a ṣe ń fi nọ́ńbà wádìí ohun tí ojú lásán kò lè rí tán. Ọmọ àgbẹ̀ kò lè sanwó rẹ̀. Ohun tó gbé mi dúró níbí ni iṣẹ́ asisitáǹtì: mò ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún kìíní, mò ń yẹ iṣẹ́ wọn wò, ilé ẹ̀kọ́ sì yọ owó ẹ̀kọ́ kúrò lọ́rùn mi, wọ́n ń fún mi ní owó oúnjẹ àti ti ilé. Ọdọọdún ni wọ́n ń tún un ṣe, ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń tọ́ mi sọ́nà ló sì gbọ́dọ̀ gbẹnu sọ fún mi. Lọ́dún yìí, kò sọ ọ́.

Nígbà tí yìnyín bo gbogbo ìlú lọ́dún tó kọjá, ọ̀jọ̀gbọ́n yìí pè mí. Ó ní ilé-iṣẹ́ kan gbé iṣẹ́ fún òun, iṣẹ́ tí kò kan ilé ẹ̀kọ́, àwọn nọ́ńbà inú rẹ̀ rí játijàti, ṣé mo lè bá òun wò ó. Mo wò ó. Mo ṣà á bí Màmá ṣe ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà. Bí mo ṣe parí rẹ̀, òmíràn dé, òmíràn tún dé. Mi ò bèèrè ohunkóhun. Ọmọ Kèrè ni mí, mo rò pé àáró ni. Ṣebí bí òjò bá ti rọ̀, gbogbo wa a gbé ọkọ́ lọ sí oko ẹnì kan, a bá a kọ ebè iṣu rẹ̀, lẹ́yìn náà a kọjá sí ti ẹlòmíràn. Ta ni í ka ebè lóko olóko? Ẹ̀yin náà, Bàbá, nígbà tí mo ròyìn fún yín, ẹ ní kí n ṣe é tinútinú, pé àgbà tí ọmọdé bá bá roko kò ní gbàgbé rẹ̀.

Ó gbàgbé. Owó dín kù ní ẹ̀ka wa, wọ́n ní kí ọ̀jọ̀gbọ́n kọ̀ọ̀kan sọ ẹni tí kò yẹ kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣé ẹ mọ ohun tó sọ nípa mi? Ó ní ìwádìí mi kò tẹ̀ síwájú tó! Oko tèmi kún fún koríko nítorí pé oko rẹ̀ ni mo wà, òun náà ló tún ń fi koríko ọ̀hún bú mi. Nígbà tí mo lọ bá a, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní kò sẹ́ni tó fi dandan mú mi, pé mo lè kọ̀. Mo lè kọ̀! Mo sunkún nínú ọkọ̀ délé, kò sẹ́ni tó bi mí pé kí ló dé. Ní Ìdáàṣà, obìnrin tí mi ò mọ̀ rí ì bá ti mú mi jókòó nídìí àtẹ rẹ̀.

Mo gbé ẹjọ́ náà lọ sọ́dọ̀ olórí ẹ̀ka. Obìnrin náà ní òun gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni, mi ò ní ohun tí mo lè tọ́ka sí. Ó ń bá mi wá kíláàsì díẹ̀ tí mo lè máa kọ́ bí ilé ẹ̀kọ́ bá wọlé. Bí kò bá rí i, ilé ni mò ń bọ̀ láìparí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dábàá àtita ilẹ̀ yín tó wà ní Akofodjoulè mọ́ láti fi sanwó ẹ̀kọ́ mi. Ilẹ̀ yín kọ́ ló jẹ̀bi.

Lọ́sẹ̀ yìí, ọ̀jọ̀gbọ́n náà tún fi nọ́ńbà tuntun ránṣẹ́, ó ní kí n bá òun yẹ̀ ẹ́ wò kíákíá. Mo dá a lóhùn pé rárá, oko tèmi ló kàn. Kò tíì fèsì. Èṣù lẹ́yìn ìbejì lẹ máa ń pè mí ní kékeré, ẹ ò rí i pé ó pẹ́ kó tó jí.

Inú bí mi sí ẹ̀yin náà, Bàbá. Ẹ forí jì mí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Ọ̀dọ̀ yín ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń dákẹ́. Olóko ńlá tó wà lẹ́bàá òkè, tí gbogbo Kèrè mọ̀ kí n tó dárúkọ rẹ̀, ọdọọdún lẹ ń bá a kọ ebè. Bó bá wá kan oko yín, ẹ̀yìn á máa dùn ún, tàbí kí àlejò ti dé bá a. Ẹ ó ní kí a fi sílẹ̀, àwọn ẹ̀gbọ́n mi á sì kọ ebè tó kù. Màmá, ẹ bá mi tan àbẹ́là níwájú ère Màríà ní Arigbo, ṣùgbọ́n ẹ má tọrọ sùúrù fún mi, mo ti ní i jù. Ẹnu ni kí ẹ tọrọ.

Kí Ọlọ́run fún yín ní ẹ̀mí gígùn, kí orúnkún yín lágbára, kí iṣu yín ta. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, tọmọdé tàgbà. Bí òjò bá sì rọ̀, tí olóko ńlá yẹn bá ránṣẹ́ pè yín, Bàbá, ẹ jókòó sílé.

Èmi ni Ìdòwú, ọmọ yín.