Ìpàdé Tí Kò Dúró Dè Mí

Sátidé, oṣù Kẹwàá, 1964

Inú mi ṣì ń dùn títí di báyìí, bẹ́ẹ̀ mo kọ́kọ́ fẹ́ bínú o!

Bọ́ọ̀sì tó gbé mi láti yunifásítì bàjẹ́ kí n tó dé Lálúpọn. Mo ní ìpàdé ẹgbẹ́ àwọn tó ń yan gàrí á ti tú ká. Èmi ni mo dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, èmi ni mo sì ń darí gbogbo ìpàdé, kí n tó gba dìgírì tán tí mo tún padà sí yunifásítì lọ kọ́ bí a ṣe ń darí ẹgbẹ́ aláàánú tí kò wá èrè.

Àfi bí mo ṣe gbọ́ ohùn wọn láti ìta ibi ìpàdé. Ìyá Sàfú tó ń yan gàrí ló jókòó sórí àga mi!

"Tíṣà, ẹ kú ewu ọ̀nà. Ẹ jókòó sẹ́yìn ná, ọ̀rọ̀ ti wọ̀ wá lára," ó wí.

Ibi tí a ó ti máa tọ́jú ọmọ àwọn tó ń yan gàrí ni wọ́n ń sọ. Ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà wa ni mo ti fọkàn sí.

"Àwa Mùsùlùmí ò ní gbọ́mọ wá sí ṣọ́ọ̀ṣì," Ìyá Sàfú wí. "Ṣùgbọ́n ta ni ò ní wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi?"

Mo fẹ́ bínú. Ẹgbẹ́ tèmi, wọn ò tilẹ̀ dúró dè mí!

Àṣé ẹgbẹ́ tó lè dá dúró lẹ́yìn olórí rẹ̀, tí olùkọ́ wa ní yunifásítì ń wí ṣáá, òun ni mo ń fojú ara mi rí yìí!

Ìyá Sàfú ní kí ẹni tó bá fara mọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ òun nawọ́ sókè. Ọwọ́ tèmi ló ga jù.