Bẹnáàdì Ọ̀gá Rẹ Kò Kú Mọ́

N'Gattakro, Bouaké
Ọjọ́ Àlàmísì

Jàfárù ọmọ mi,

Bí ó bá jẹ́ àárọ̀ ni ìwé yìí bá ọ, mo kí ọ kú ojúmọ́, bí ó bá sì jẹ́ alẹ́, mo kí ọ kú alẹ́. Ṣé ara le? Ṣé Abidjan ń ṣe ọ́ jẹ́jẹ́? Ọlọ́run Ọba kò ní jẹ́ kí a gbọ́ ohun tí yóò bà wá nínú jẹ́ nípa rẹ. Àwa náà wà dáadáa. Ìyá rẹ Sèlíátù kí ọ, orúnkún tó ń dùn ún ti rọlẹ̀ díẹ̀, iyọ̀ mi ń tà lọ́jà, àwọn Baoulé tó ń ti Diabo wá sì ṣì ń fún mi lówó mi láìjà.

Ohun àkọ́kọ́ ni pé kí o fọkàn balẹ̀, iṣẹ́ rẹ kò tíì bọ́. Tẹlẹgíráàmù tó sọ pé Bẹnáàdì ti kú, èmi ni mo fi í ránṣẹ́, òótọ́ sì ni lọ́jọ́ tí mo fi í ránṣẹ́, àmọ́ Bẹnáàdì kò kú mọ́. Jẹ́ kí n rò ó fún ọ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí ìwọ gan-an lo dá a sílẹ̀.

Ìwọ lo kọ̀wé pé òyìnbó ọ̀gá rẹ ń lọ sinmi ní ilẹ̀ Faransé fún oṣù mẹ́ta, pé o ń fi Bẹnáàdì rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa nínú rélùwéè ọjọ́ Jímọ̀, kí a tọ́jú rẹ̀ bí ẹyin, pé bí ohunkóhun bá ṣe é, iṣẹ́ rẹ ti lọ nìyẹn. Ta ni yóò ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ tí kò ní rò pé ọmọ òyìnbó ló ń bọ̀? Ìyá rẹ tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó pa àkùkọ. Mo wọ agbádá, mo mú Ọlábọ̀dé aránṣọ tó ń gbé iwájú ilé wa dání nítorí pé ó gbọ́ Faransé, a sì lọ dúró ní ibùdókọ̀ rélùwéè. Gbogbo òyìnbó tó bọ́ sílẹ̀ ni Ọlábọ̀dé ń bi bóyá òun ni Mùsíọ̀ Bẹnáàdì. Nígbà tí èrò tán, òṣìṣẹ́ kan gbé àpótí onídígí fún wa, omi wà nínú rẹ̀, yanrìn wà nísàlẹ̀ omi, akàn kan sì wà lórí yanrìn tó ki ara bọ inú ìkarahun ìgbín òkun. Ọlábọ̀dé ka ìwé tí ọ̀gá rẹ lẹ̀ mọ́ ọn, ó ní akàn tó bá ń gbé ilé onílé, Bẹnáàdì ni àwọn Faransé ń pe gbogbo wọn. A jẹ àkùkọ náà fúnra wa.

Mo sì tọ́jú rẹ̀. Ìwé náà ní bí omi bá fà kúrò níbi ilà tó wà lára dígí, omi lásán ni kí a fi kún un, kí a má fi iyọ̀ sí i. Ìyá rẹ ní irọ́ ni, pé omi òkun láìsí iyọ̀ kò ṣeé gbọ́. Mo ní Sèlíátù, mo ti ta iyọ̀ fún ọdún mọ́kànlélógún, omi ni oòrùn ń gbé lọ, kò gbé iyọ̀ lọ rí, bí a bá tún bu iyọ̀ sí i, a fẹ́ fi Bẹnáàdì se ọbẹ̀ nìyẹn. Omi òjò ni mo ń fi kún un. Mo gba ṣíbí idẹ tí ìyá rẹ fi ń ro omi náà, nítorí ìwé ní idẹ àti bàbà máa ń pa á, igi ni a fi ń rò ó báyìí kí atẹ́gùn lè wọ inú rẹ̀. Mo ń fún un ní ẹja tí kò ju èékánná lọ, mo sì ń yọ èyí tó bá jẹ kù kí omi má baà bàjẹ́. Ìkarahun mẹ́ta tó tóbi ju tirẹ̀ lọ wà nínú àpótí náà, ó ń yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń wá ilé gbé. Láàárọ̀ mo máa ń kí i, ó sì máa ń na ìwo rẹ̀ sí mi.

Àfi bí mo ṣe jí ní ọjọ́ Àtàláátà tí mo bá Bẹnáàdì níta ìkarahun rẹ̀, tọwọ́ tẹsẹ̀, tojú tìwo, kò mira. Mo fi igi tì í, kò mira. Jàfárù, ẹ̀rù bà mí, kì í ṣe nítorí akàn, nítorí rẹ ni, mo ń rí ọ tí o ru ẹrù rẹ káàkiri Abidjan tí o ń wá iṣẹ́. Mo sáré lọ sí pọ́ọ̀sì, mo ní kí wọ́n bá mi kọ ọ́ sí ọ pé Bẹnáàdì kú ní ilé mi. Akọ̀wé ní ṣé ará ibí ni, mo ní rárá, ti òyìnbó ni, láti Abidjan. Ó ní báwo ló ti pẹ́ tó lọ́dọ̀ mi, mo ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ó ní kí ni mo ń fún un jẹ, mo ní ẹja bí èékánná lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́. Ó wò mí títí.

Kí n tó délé, jáńdáàmù méjì, ọlọ́pàá àwọn Faransé, ti wà lẹ́nu ọ̀nà, òyìnbó kan àti ọmọ Dioula tó ń túmọ̀ fún un. Wọ́n bi ìyá rẹ pé òkú òyìnbó dà, ó ní inú omi ló wà, ó bú sẹ́kún, ó ní kí wọ́n má mú mi, pé Bẹnáàdì fúnra rẹ̀ ló bọ́ra sí ìhòòhò tó sì kú. Wọ́n ti ń yọ ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ nígbà tí mo mú wọn dé iwájú dígí. Ibẹ̀ ni a wà tí Bẹnáàdì yọjú láti inú ìkarahun rẹ̀, ara rẹ̀ ń dán, ó rìn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú ara rẹ̀, ó lọ kó sínú ìkarahun tó tóbi jù. Òyìnbó jáńdáàmù rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó lórí àpò iyọ̀ mi. Ó ní etí òkun ni wọ́n bí òun sí, pé bí akàn bá ń dàgbà, ó máa ń bọ́ awọ rẹ̀ sílẹ̀, kí a má kó awọ náà, yóò jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀. Ọlábọ̀dé wá yí ìwé ọ̀gá rẹ padà, gbogbo rẹ̀ wà lẹ́yìn ìwé.

Ṣùgbọ́n tẹlẹgíráàmù ti lọ, wọ́n ní ìjọba gbọ́dọ̀ fi ìwé parí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sì kọ ọ́ pé Bẹnáàdì tó ń gbé ilé mi kò kú. Akọ̀wé agbowó orí wá lánàá láti kọ orúkọ gbogbo ará ilé. Ó kọ Yísà, ó kọ Sèlíátù, ó wo ìwé jáńdáàmù, ó kọ Bẹnáàdì. Mo ní akàn kò lórí, báwo ni yóò ṣe san owó orí, ó ní orúkọ rẹ̀ ti wọ ìwé. Mo ní ó dáa, kọ Jàfárù ọmọ mi náà. Ó ní ìgbà wo ló sùn nílé yìí kẹ́yìn. Ìyá rẹ wò mí, mo wo ìyá rẹ. Mo ní Iléyá ọdún tó ṣáájú èṣí. Ó ní ẹni tí òun bá fojú rí lòun ń kọ, ó sì pa ìwé rẹ̀ dé.

Nítorí náà, fi owó orí Bẹnáàdì ránṣẹ́, kí o sì fi owó ẹja díẹ̀ kún un. Nígbà tí ọ̀gá rẹ bá dé, má ṣe rán ẹnikẹ́ni wá gbé e, ìwọ ni kí o wá, kí o sì sùn mọ́jú kí akọ̀wé rí ọ. Ọlọ́run yóò ṣí ọ̀nà rẹ, yóò bu òróró sí iṣẹ́ rẹ, yóò fún ọ ní aya rere, yóò mú ọ dé ilé láyọ̀, àmín.

Tètè máa bọ̀. Lọ́jà lónìí, wọ́n pe ìyá rẹ ní Ìyá Bẹnáàdì, ó sì dá wọn lóhùn.

Èmi ni bàbá rẹ,
Yísà oníyọ̀