Ọjá Tó Wà Nínú Àpótí

Màmá mi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ìtọ́jú Morẹ́nikẹ́. Ara mi le ní abúlé Alafiarou níbí, mo tilẹ̀ ti sanra.

Iṣẹ́ tí kámárádì ọ̀gá wa fi rán wa ní orúkọ Révolution ìjọba wa ń lọ dáadáa. Àwọn ọmọbìnrin tó bímọ ní kékeré ni mò ń bi léèrè bí ọkàn wọn ṣe rí. Lánàá, mo bi Rissikatou, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, bóyá ó máa ń dá sunkún. Ó rẹ́rìn-ín, ọmọ rẹ̀ ń sùn lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni tó jogún ibẹ̀.

"Tata, àǹtí mi, ìgbà wo ni mo fẹ́ ráyè sunkún? Eléyìí kì í jẹ́ kí n dá wà."

Mo kọ ọ́ sínú ìwé pé irọ́ ló ń pa. Ó wá bi mí bóyá èmi náà ti bímọ. Mo ní rárá, bí ẹ ṣe kọ́ mi.

Ẹ ní Morẹ́nikẹ́ ti ń pè yín ní màmá. Ó dára. Ọjá tó wà nínú àpótí mi, èyí tí mo fi pọ̀n ọ́n fún oṣù mẹ́ta kí ẹ tó gba ọmọ lọ́wọ́ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi pọ̀n ọ́n.

Ẹ kí Bàbá. Ẹ sọ fún Morẹ́nikẹ́ pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń kí i.

Ọmọ yín,
Bọ́lánlé