N Kì Í Wo Ìdajì Páìpù

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo sì kí ọ kú àfaradà. Ṣé koko lara rẹ le? Ṣé àwọn ọmọ ń ṣe dáadáa? Ṣé ẹ̀rọ ìránṣọ àtijọ́ yẹn kò tíì tún já òwú mọ́ ọ lọ́wọ́? Àlàáfíà ni àwa náà wà níbí. Ìyàwó mi ní kí n kí ọ dáadáa, ó sì ní kí n má purọ́ nínú lẹ́tà yìí, nítorí òun máa kà á kí n tó fi ránṣẹ́.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. O ní o kò lè fi owó ẹ̀rọ ìránṣọ tuntun wá àìsàn nínú ara tí kò dùn ọ́. N kò lè bá ọ jà, torí ẹnu mi lo ti gbọ́ ọ. Lẹ́yìn ìsìnkú ìyá wa, tí dókítà sọ pé jẹjẹrẹ ìfun ńlá tó pa á lè máa rìn nínú ẹbí, tó sì ní kí àwa méjèèjì wá ṣe àyẹ̀wò, ṣebí èmi ni mo sọ pé ẹni tó bá ń wá àìsàn kiri, àìsàn á dá a lóhùn? Ìwọ rẹ́rìn-ín. Ìyàwó mi ò rẹ́rìn-ín.

Ó dáa, mo ti lọ. Ìyàwó mi ló lé mi lọ. Ó ní bí n kò bá lọ, òun máa pe púlọ́ńbà mìíràn wá sínú ilé wa, kí gbogbo àdúgbò rí i. Ọ̀rọ̀ yẹn dé egungun.

Nílé ìwòsàn, obìnrin tó ń gbowó lẹ́yìn gíláàsì bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye owó fún mi. Kámẹ́rà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń wo inú ìfun ní iye tirẹ̀. Oògùn tí wọ́n fi ń fọ ikùn ní tirẹ̀. Abẹ́rẹ́ tí ń múni sùn ní tirẹ̀. Bí wọ́n bá sì gé nǹkan kan, àwọn tó máa yẹ̀ ẹ́ wò á tún gba tiwọn. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ iye tí mo ń gbà láti fa omi sí ilé ìwẹ̀ méjì, tòun ti páìpù. Mo ní, “Madam, ẹ dín in kù.” Ó ní ibí kì í ṣe ọjà. Ṣé o mọ̀ mí? Èmi tí mo ná pósí ìyá wa títí onípósí fi ń bẹ̀ mí! Mo dúró gbọin. Nígbà tí ó sú u, ó ní ọ̀kan wà tó dín owó, àmọ́ ìsàlẹ̀ ìfun nìkan ni kámẹ́rà yẹn ń rí. Inú mi dùn. Mo ní ìdajì tó mi.

Obìnrin náà bá wò mí lórí awò ojú rẹ̀. Ó ní, “Ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ tún páìpù kíṣìnnì mi ṣe lọ́dún tó kọjá? Mo bẹ̀ yín kí ẹ wo ìdajì, kí ẹ gba ìdajì owó. Ẹ ní, ‘Madam, n kì í wo ìdajì páìpù. Ibi tí a ò wò gan-an lọ̀rọ̀ máa ń wà.’ Mo sì san gbogbo ẹ̀.” Gbogbo àwọn tó tò sẹ́yìn mi bú sẹ́rìn-ín. Mo sanwó.

Oògùn ìfọkùn yẹn, má jẹ̀ẹ́ kí n purọ́ fún ọ, kì í ṣeré. Jọ́ọ̀gì ńlá kan ni mo mu lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. O sì mọ̀ pé tọ́ílẹ́ẹ̀tì ilé wa kì í da omi mọ́ bí a bá tẹ̀ ẹ́, garawa la fi ń da omi sí i láti oṣù mẹ́rìnlá. Nígbà tí mo lọ lẹ́ẹ̀karùn-ún, garawa kò bá mi mọ́. Mo so aṣọ ìnura mọ́dìí, mo gbé àpótí irinṣẹ́ mi, mo sì tún un ṣe kí ẹ̀ẹ̀kẹfà tó dé. Ìyàwó mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú aago lọ́wọ́. Ó ní, “Oṣù mẹ́rìnlá. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá.”

Ẹni tó kọ́kọ́ pè é ní ìwádìí mọ ohun tó ń sọ. Ìdí ni wọ́n wá ní tèmi, wọ́n sì wá a dé òpin. Mo sùn, mo jí, ọ̀dọ́mọdé dókítà kan tí n bá gbà ṣe ọmọṣẹ́ sì fi àwòrán hàn mí. Kókó kékeré kan ló wà lópin ìfun ńlá lọ́hùn-ún, ibi tí kámẹ́rà ìdajì kò lè dé láéláé. Ó ti gé e kúrò. Nígbà tí èsì jáde, wọ́n ní kò tíì di jẹjẹrẹ, àmọ́ ó ti wọ bàtà, kò kàn tíì jáde nílé ni.

Àbúrò mi, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta, mo sunkún. Ìyá wa rí ẹ̀jẹ̀ fún odindi ọdún kan, ó ní kí a má náwó lé arúgbó lórí. Pósí yẹn, pẹ̀lú gbogbo bí mo ṣe ná an tó, owó rẹ̀ ju ti kámẹ́rà lọ.

Mo padà síbi gíláàsì yẹn. Mo kó owó tí mo ti ń tù jọ láti fi ra ẹ̀rọ tí ń gé páìpù, mo sì san tìrẹ, odindi, kì í ṣe ìdajì. Obìnrin náà dúró, ó ń retí mi. Ó ní, “Ẹ ò ní ná an?” Mo ní àbúrò mi kan ṣoṣo ni, n kì í ná an. Ó lu òǹtẹ̀ sí i, ó sì fi ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí hàn mí pé wọn kì í dá owó padà. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kejì nínú oṣù tó ń bọ̀ ni. Bí o kò bá wá, owó mi lo fi ṣòfò yẹn, o sì mọ irú ẹni tí mo jẹ́ lórí owó.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí á tún pàdé nídìí pósí láìtọ́jọ́. Abẹ́rẹ́ rẹ kò ní kán, ojú rẹ kò ní fọ́, wàá sì fi ẹ̀rọ tuntun rán aṣọ ìgbéyàwó àwọn ọmọ rẹ.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tí wọ́n ti wádìí rẹ̀,
Púlọ́ńbà.

Àfikún: Ọ̀dọ̀ wa ni kí o ti wá mu oògùn náà. Tọ́ílẹ́ẹ̀tì ti ń da omi.

Adúmáradán mi, èmi ìyàwó yín ni mo kọ èyí. Mo ti kà á, òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, àfi ìṣẹ́jú mọ́kànlá yẹn. Ìṣẹ́jú méje péré ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀.